Ṣé Ẹ̀ṣẹ̀ Ni?

Ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí ní kíláàsì ìrìbọmi, aṣọ ọrùn rẹ̀ nìkan ló ń yí padà. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí obìnrin wọ ṣòkòtò? Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí á jẹ ẹran Iléyá tí aládùúgbò wa gbé wá? Tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ńkọ́, bó bá jẹ́ owó díẹ̀ ni? Ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe tilẹ̀ bi mí lọ́jọ́ kan bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni kí òun gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí òun fura sí pé ó jí fóònù ọ̀hún. Mo fẹ́ràn tirẹ̀ yẹn, nítorí ó jọ pé ó ti mọ èsì kó tó bèèrè.

Ìsọlọ̀ ni ìjọ wa wà, nínú ọgbà kan tó jẹ́ ilé ìkẹ́rù tẹ́lẹ̀, kò jìnnà sí ọ̀nà márosẹ̀ Òṣòdì sí Àpápá. Ẹni tó bá ti pẹ́ ládùúgbò yìí mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ ló kún ibẹ̀ nígbà kan rí. Àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ bíi Aswani àti Afprint ló ń gba èèyàn síṣẹ́. Nígbà tí nǹkan dẹnu kọlẹ̀ fún wọn, orúkọ Aswani kù sára ọjà tí wọ́n ń ná lọ́jọọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀pọ̀ ilé ìkẹ́rù tó ṣófo lápá ibẹ̀ sì di ilé ìjọsìn. Àwọn tó ń jókòó síwájú mi ni ìyá onírẹsì, awakọ̀ dánfó, télọ̀, nọ́ọ̀sì, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń retí ìdánwò JAMB. Wọ́n máa ń mú ìwé àti bírò wá. Wọ́n fẹ́ kọ òfin sílẹ̀.

Bí mo bá sì fún wọn lófin, wọ́n á pa á mọ́. Ìyẹn ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu nídìí iṣẹ́ yìí. Èrò ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé òfin Ọlọ́run le jù, pé ìdí nìyẹn tí ọmọ aráyé fi ń sá fún un. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ fún ọmọ Èkó pé kó má jẹun títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ fún ogójì ọjọ́, yóò ṣe é, yóò tún fi ọjọ́ mẹ́ta kún un. Ẹ ní kó má ṣe lẹ irun, kó bọ́ yẹtí, kó máa wá sí ìṣọ́ òru ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ẹ ó rí i níbẹ̀. Ẹ wá sọ fún un pé kó san owó oṣù ọmọ tó ń bá a ta ọjà ní àkókò. Àwíjàre ni ẹ ó gbọ́.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an rèé: ẹni tó ń wá àwíjàre àti ẹni tó ń ka òfin sórí, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹni àkọ́kọ́ ń sọ pé, "Ọlọ́run mọ ọkàn mi." Ẹni kejì ń sọ pé, "Mi ò fi ọtí kan ẹnu rí." Àwọn méjèèjì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí Olúwa jọ̀wọ́ má bi àwọn ní ìbéèrè kan báyìí. Ẹni tó ń bi mí pé ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni, ó fẹ́ mọ ibi tí ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀, kó lè lọ dúró síbi tí kò tíì dé ọ̀ràn. Níbẹ̀, yóò máa ṣe bó ṣe wù ú, kò sì sẹ́ni tó lè mú un.

Ẹ wo àwọn tí wọ́n pè síbi àsè nínú ìtàn tí Jésù sọ nínú Ìwé Lúùkù. Ọ̀kan ra ilẹ̀. Ọ̀kan ra màlúù, àjàgà márùn-ún. Ọ̀kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìyàwó. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí wọ́n bá wá sí kíláàsì mi láti bèèrè bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni kí èèyàn ra ilẹ̀, màá ní rárá o, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ kọ́ ọ. Nǹkan tó tọ́ ni wọ́n fi kọ ìpè, ìdí nìyí tí ojú kò fi tì wọ́n. Kò sẹ́ni tó máa ń fi olè jíjà ṣe àwíjàre fún Ọlọ́run.

Lọ́dọ̀ wa níbí, a ti gbé àwíjàre tiwa dé ojú ọ̀nà mìíràn. "Èkó ni a wà." "Níbi iṣẹ́ ẹni la ti ń jẹ." "Ẹran ara ni wá." Mo ti gbọ́ ọ ní ibi àríyá, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń gba owó lábẹ́ tábìlì. Èyí tó burú jù ni èyí tó ń wọ aṣọ ẹ̀rí. Èèyàn á jáde síwájú ìjọ, á gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, á ní kí á bá òun yin Olúwa nítorí wọ́n fún òun ní físà. Ìwé báǹkì tó fi gba físà ọ̀hún, òun àtẹni tó bá a ṣe é ló mọ bí wọ́n ṣe ṣe é. Ìjọ á pariwo Halelúyà. Mo ti jókòó síbẹ̀ tí mo ń pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú àwọn tó kù, nítorí mi ò mọ ohun tí ǹ bá tún fi ọwọ́ mi ṣe.

Ọ̀rọ̀ kóńgò ló là mí lóye jù. Ìyá kan wà ní kíláàsì wa nígbà kan tó ń ta ìrẹsì, gàrí àti ẹ̀wà ní Òṣòdì. Ẹni tó bá ń ra oúnjẹ lọ́jà mọ ọgbọ́n yìí: wọ́n á fi òòlù lu ìdí kóńgò wọnú, tàbí kí wọ́n yọ́ àbẹ́là sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ohun tó ń gbà lè dín kù. Lójú, kóńgò ni. Kóńgò ìrẹsì tó péye máa ń wọn nǹkan bíi kílò kan àbọ̀, nítorí náà àpò kílò 50 máa ń mú bíi kóńgò 33 jáde. Ẹni tó bá ti lu ìdí tirẹ̀ lè rí 37 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú àpò kan náà. Èrè rẹ̀ wà nínú mẹ́rin tó lé yẹn. Ó tún lè dín owó kù díẹ̀ kí oníbàárà lè rò pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti dínwó jù lọ́jà.

Ìyá yìí dúró dè mí lẹ́yìn kíláàsì. Ó ní, "Tíṣà, gbogbo ìlà wa ló ń lò ó. Bí mi ò bá lò ó, mi ò lè bá wọn tà. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

Mo lè ka Òwe fún un, níbi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa òṣùwọ̀n èké. Ó ti mọ̀ ọ́n. Mo bi í pé ta ló rajà lọ́wọ́ rẹ̀ kẹ́yìn lánàá. Ó ronú díẹ̀. Ó ní ìyá olóúnjẹ kan ni, tó ń se ìrẹsì fún àwọn òṣìṣẹ́ ní Máfolúkù, tó ń dá tọ́ ọmọ. Bó ṣe sọ ọ́ tán ló gbé báàgì rẹ̀. Kò bi mí mọ́ bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Mo sọ èyí fún àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi nígbà púpọ̀. Níwọ̀n ìgbà tó bá jẹ́ òfin là ń bá fà á, agbẹjọ́rò ni gbogbo wa: ó máa ń ku ìwọ̀nba kan tí a lè bá Ọlọ́run ná. Ọjọ́ tí a bá dárúkọ ẹni tí a rẹ́ jẹ, ẹjọ́ parí.

N kò ní fi ìyókù ìtàn rẹ̀ ṣe ẹ̀rí. Ó ra kóńgò tuntun, ó sì ní láti fowó lé ọjà rẹ̀. Àwọn oníbàárà dé, wọ́n ní, "Ìyá, ẹ ti wọ́n jù," wọ́n kọjá lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò rẹ̀ tí ìdí kóńgò rẹ̀ ti wọnú. Ọjà tí ń bà jẹ́ kò tó ìtìjú pé ẹni tó ń ṣòótọ́ ni wọ́n ń pè ní ọ̀kánjúwà. Wọ́n gbàdúrà àlùbáríkà fún un ní ìjọ. Ọ̀ràn ìwọ̀n ni, ṣùgbọ́n àdúrà ni a mọ̀ ọ́n ṣe. Ó wá ra òṣùwọ̀n oníkílò kékeré, ó gbé e síwájú ọjà, ó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n wọn tòun, kí wọ́n lọ wọn tẹni kejì. Àwọn tó ń se oúnjẹ tà ló kọ́kọ́ padà, nítorí wọ́n mọ iye abọ́ tó yẹ kí kóńgò kan mú jáde nínú ìkòkò. Àwọn mìíràn kò padà mọ́ títí di òní. Kò di olówó. Ó kàn ń tà á lọ ni.

Èyí tó wá dà á láàmú lẹ́yìn náà ni ti àtẹ̀yìnwá. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi lo kóńgò èké. Báwo ni yóò ṣe rí gbogbo àwọn tó ti rẹ́ jẹ?

Ìjọ kan wà lórílẹ̀-èdè yìí tí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè ṣàjèjì sí. Ní 1973, W. F. Kumuyi, tó ń kọ́ni ní ìṣirò ní Yunifásítì Èkó, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ Bíbélì pẹ̀lú nǹkan bí èèyàn 15 nínú ilé tó ń gbé ní ọgbà yunifásítì. Ibẹ̀ ni Deeper Life ti ṣẹ̀, tí olú ilé ìjọsìn rẹ̀ wà ní Gbàgádà, nítòsí Òṣòdì. Ohun tí gbogbo ìlú mọ̀ wọ́n mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni òfin: kò sí tẹlifíṣọ̀n nílé, obìnrin kò gbọdọ̀ wọ yẹtí, ìgbéyàwó kò gbọdọ̀ ní ijó àti ariwo. Àwọn ọmọ àdúgbò a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀kọ́ 22 tí wọ́n fi ń dá ara wọn mọ̀, ọ̀kan wà tí ẹ̀rín kò lè bo mọ́lẹ̀, ìyẹn àsanpadà: ohun tí o jí, dá a padà, ẹni tí o parọ́ mọ́, lọ jẹ́wọ́ fún un, ìwé ẹ̀rí tí kì í ṣe tìrẹ, gbé e kalẹ̀, bí iṣẹ́ bá tilẹ̀ máa bọ́. Mo mọ àwọn àgbàlagbà tó ṣe é nígbà èwe wọn, tí ojú wọn rí màbo. Èmi kì í ṣe ọmọ ìjọ wọn, mi ò sì gbà pẹ̀lú gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ wọn nípa aṣọ. Síbẹ̀, bí mo bá gbọ́ ẹni tó ń fi wọ́n ṣẹ̀sín nítorí yẹtí, mo máa ń fẹ́ bi í léèrè ìgbà tó dá nǹkan padà fún èèyàn kẹ́yìn.

Mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni bú òfin. Ìyàwó tálákà tó ṣe ìgbéyàwó láì yáwó aṣọ ẹbí, òfin ló bo àṣírí rẹ̀. Ní ìjọ Sẹ̀lẹ́, tí wọ́n bá bọ́ bàtà tán tí wọ́n wọ aṣọ funfun, ẹ kò ní mọ ọ̀gá báńkì yàtọ̀ sí ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ lọ́jà. Ìyẹn náà dára. Bẹ́ẹ̀ náà ni òfin ìjọba. Àwa tí a ń gba Òṣòdì kọjá kí ọdún 2009 tó dé mọ bí ó ṣe rí. Ọjà wà lójú títì, ọjà wà lórí ojú irin, ọwọ́ ń wọ àpò àlejò. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, ìjọba Gómìnà Fáṣọlá tú u ká, wọ́n lé gbogbo èèyàn kúrò lọ́nà. Ní 2019, wọ́n ṣí ibùdókọ̀ ńlá tí ẹ ń wò yẹn. Òfin ṣe iṣẹ́ rẹ̀: ẹsẹ̀ ráyè rìn. Ibi tí agbára òfin pin sí ni àpò kọ̀ńdọ́. Ìwọ àti ẹni tí o kò mọ̀ rí ni yóò so pọ̀ mọ́ owó kan ṣoṣo, á ní kí ẹ lọ wá ṣénjì yín pín, ọkọ̀ á ti lọ. Kọ̀ńdọ́ ọ̀hún lè jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ akọrin. Èrò tí wọ́n sì ṣèèṣì fún ní ṣénjì jù, tó sọ̀ kalẹ̀ kíákíá ní Bọ́ládé tó ní, "Ọlọ́run ló ṣe é," ó lè jẹ́ díákónì.

Mo sọ ti Sákéù fún ìyá onírẹsì. Olórí agbowó òde ni, ó sì ní owó lọ́wọ́. Nínú òfin Mósè, ẹni tó bá rẹ́ni jẹ tó wá jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀, ohun tó gbà ni yóò dá padà, yóò fi ìdá márùn-ún rẹ̀ lé e. Ti àgùntàn tí wọ́n jí tí wọ́n sì pa, ìyẹn ni ìlọ́po mẹ́rin wà fún. Sákéù lè gba ti ìdá márùn-ún, ẹnikẹ́ni kì bá tí dá a lẹ́bi. Ìlọ́po mẹ́rin ló mú fúnra rẹ̀, lẹ́yìn tó ti fi ìdajì ohun ìní rẹ̀ fún àwọn tálákà. Jésù kò tíì ka òfin kankan fún un. Ó kàn ní òun fẹ́ dé sílé rẹ̀ ni. Mo máa ń sọ fún kíláàsì mi pé kí wọ́n wo ọkùnrin yìí dáadáa, nítorí òun ni ẹnì kan tí kò béèrè bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Ìyá náà ní òun kò ní ìdajì ohun ìní kankan tí òun fẹ́ pín. Òótọ́ ni. Ohun tó ṣe ni pé ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó dá mọ̀. Bí ìyá Máfolúkù bá rajà, ó ń bu lé e. Ìyẹn bi í lọ́jọ́ kan pé, "Ìyá, kí ló dé tí ẹ ń ṣe èyí?" Ó sọ fún un. Mi ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní àwọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Mo wá dé orí ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi mí rí.

Ìtàn rẹ̀ ti pẹ́. Ní 1857, Henry Venn, akọ̀wé ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS ní Lọ́ńdọ̀nù, fi ìlànà ránṣẹ́ pé ọkùnrin tó bá ní ju ìyàwó kan lọ kò gbọdọ̀ ṣèrìbọmi. Ẹni tó ní ẹrú ńkọ́? Wọ́n á gbà á wọlé, pẹ̀lú ìrètí pé bó pẹ́ bó yá, ìyìn rere yóò tú ẹrú náà sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe rí ní Abẹ́òkúta: ọlọ́jà pàtàkì tó ní ìyàwó kan àti ọ̀pọ̀ ẹrú ń jẹ oúnjẹ Olúwa, àgbẹ̀ tó ní ìyàwó méjì tí kò lẹ́rú ń dúró síta. Ní 1876, CMS fi James Johnson, ọmọ Sàró tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, ṣe alábòójútó ìjọ inú ilẹ̀ Yorùbá. "Holy Johnson" ni wọ́n ń pè é, nítorí ìwà mímọ́ rẹ̀ kò gba gbẹ̀rẹ́. Ó ní kí àwọn onígbàgbọ́ Abẹ́òkúta tú ẹrú wọn sílẹ̀. Inú bí wọn gidigidi, pàápàá àwọn tó ń fi ẹrú ṣe òwò epo àti oko. Wọn kò dá ọ̀rọ̀ náà sí orí ẹrú nìkan o. Wọ́n fi owó kíláàsì tó fẹ́ kí wọ́n máa san kún un. Ní 1880, CMS yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, ó padà sí ìjọ Breadfruit ní Èkó. Ní 1917, nígbà tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì lé àwọn tó ní ju ìyàwó kan lọ jáde l'Ékòó, àwọn yẹn lọ dá United African Methodist sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí Ẹlẹ́ja. Ìjọ pín nítorí ìyàwó. Nítorí ẹrú, àlùfáà ni wọ́n ní kó máa lọ.

Àwọn ọkùnrin Abẹ́òkúta yẹn kì í ṣe èèyàn burúkú. Wọ́n ń pa òfin tí wọ́n fún wọn mọ́. Òfin gan-an ló jẹ́ kí wọ́n sinmi: ìjọ ti sọ ohun tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, kò sì ka ẹrú níní mọ́ ọn. Àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fi ètè sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Làpálàpá ni òfin ìjọ sábà máa ń rí, nítorí òun ló wà lójú awọ.

Ẹ jẹ́ ká kúrò ní Abẹ́òkúta, ká wọ ilé onígbàgbọ́ kan ní Ọ̀kọ́ta tàbí Àjàó lónìí, ní agogo márùn-ún àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Ta ló ti jí? Ọmọ ọ̀dọ̀. Òun ló ń wẹ àwọn ọmọ, òun ló ń lọ aṣọ tí Mọ̀mí fẹ́ wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n mú un wá láti ìlú kan tàbí láti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, wọ́n ṣèlérí ilé-ìwé fún ìyá rẹ̀. Owó iṣẹ́ rẹ̀, ẹni tó mú un wá ló ń gbà á. Bí ẹbí bá ti lọ sí ìsìn, òun ni yóò se oúnjẹ ọ̀sán, tàbí kó tẹ̀ lé wọn kó lè gbé ọmọ ọwọ́ jáde bí ó bá sunkún. Ìjọba Èkó ti ṣe òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé láti 2007. Kò sí ẹni tó rí i kà ní ẹ̀ka ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi tí mo mọ̀. Nínú gbogbo àwọn tó ti bi mí nípa ṣòkòtò àti ẹran Iléyá, ẹnì kankan kò tíì bi mí bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ọmọ ọdún mọ́kànlá máa sùn kẹ́yìn, kó sì máa jí ṣíwájú ọmọ ọdún mọ́kànlá mìíràn nínú ilé kan náà.

Jákọ́bù nínú ìwé rẹ̀ sọ irú ẹ̀sìn tí Ọlọ́run gbà: pé ká máa bẹ ọmọ aláìníbaba àti opó wò nínú wàhálà wọn, ká sì pa ara wa mọ́ kúrò nínú àbàwọ́n ayé. Ìdajì kejì ni ìjọ fi ń ṣe òfin aṣọ àti òfin irun. Ìdajì àkọ́kọ́ ti di ètò ọdún Kérésì, tí a máa ń ya fọ́tò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé Ìsọlọ̀ kò yẹ kó wá opó tì. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2002, ohun ìjà tó wà ní bárékè Ìkẹjà bẹ̀rẹ̀ sí í bú. Èèyàn sá gba ìhà ọ̀dọ̀ wa nínú òkùnkùn, ewéko ti bo ojú omi Òkè-Afá, ilẹ̀ ni wọ́n pè é, ọ̀pọ̀ sì rì sínú rẹ̀. Àwọn tó kú lọ́jọ́ yẹn lé ní 1,000, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Òkè-Afá ni wọ́n sin ọ̀pọ̀ sí. Àwọn ẹbí ṣì ń péjọ síbẹ̀ bí ọjọ́ náà bá yí po, wọ́n ṣì ń sọ pé ìlérí tí ìjọba ṣe fún àwọn kò ṣẹ. Ìjọ tó wà láàárín Òṣòdì sí Èjìgbò pọ̀ débi pé bí a bá pín àwọn ẹbí náà láàárín ara wa, ìjọ mìíràn kò ní rí ẹyọ kan gbà.

Ti ariwo ìsìn wa náà, mi ò fẹ́ sọ púpọ̀. Ìjọba ti ti ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì pa l'Ékòó nítorí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, àwa náà sì pe ìyẹn ní inúnibíni. Obìnrin tó ní ìfúnpá gíga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wa kò mọ̀ pé inúnibíni ni. Oorun ló ń wá.

Ní kíláàsì mi báyìí, mi ò gba ìwé àti bírò lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Mo máa ń ní kí wọ́n lọ ronú kan ẹnì kan tí wọ́n jẹ ní gbèsè, bóyá owó tàbí ọ̀rọ̀, kí wọ́n lọ bá a kí wọ́n tó padà wá. Àwọn kan kì í padà. Olùṣọ́-àgùntàn wa ti pè mí rí, ó rọra sọ fún mi pé iye àwọn tí à ń rì bọmi ti ń dín kù. Èmi náà rí i.

Nọ́ọ̀sì kan padà ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ó mú ọmọbìnrin kékeré kan lọ́wọ́, ó ní, "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ ní ká wá ẹni tí a jẹ ní gbèsè." Ọmọ tó ń bá a ṣiṣẹ́ ilé ni. Ó ti kọ orúkọ rẹ̀ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tó wà nítòsí wọn, ó sì fẹ́ kí ọmọ náà wà ní kíláàsì àwọn ọ̀dọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, kó jókòó bí ọmọ tó kù. Ìyá àgbà kan tó gbọ́ bi í pé, "Ta ni yóò wá máa gbé ọmọ ọwọ́ yín?" Ó ní, "Èmi àti ọkọ mi ni, Mà."

Aṣọ́nà ni ọkọ rẹ̀ ní ìjọ, ẹni tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń fi àlejò sí ìjókòó. Láti ìgbà náà, ọjọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn òmíràn, ó ń wà lẹ́yìn ilé ìjọsìn pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ lórí ejìká. Ẹgbẹ́ àwọn aṣọ́nà ti kọ ìwé sí i pé kí ó wá ṣàlàyé ìdí tí kò fi ń dúró sí ipò rẹ̀, nítorí òfin ẹgbẹ́ ní ẹni tó bá pa ipò jẹ lẹ́ẹ̀mẹta yóò bọ́ aṣọ. Ó mú ìwé náà wá bá mi, ó bi mí ohun tí òun yóò kọ sí èsì rẹ̀. Mo ní kó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ti kọ ọ́, ojú ìwé kan ṣoṣo, mo sì ti kà á. Ìgbìmọ̀ ní àwọn yóò gbé e yẹ̀ wò ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ àwọ̀ aṣọ tí ẹgbẹ́ yóò wọ̀ fún ìkórè.